ÀÌKÚ AKỌNI: ṢÀNGÓ INÚ ỌBA KÒ SO ÀTI ÀWỌN AKỌNI INÚ ÌWÉ ALÁWÒRÁN

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ohun tí ó fa àpilẹ̀kọ yìí kò ju máàkì mẹ́wàá lọ. Nínú ìdánwò àṣewò kan tí a ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a bi wọ́n ní ìbéèrè kan lórí eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ kọ. Ìbéèrè náà ni pé, “Ǹjẹ́ ọba so àbí kò so? Fi ẹ̀rí gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.” Ọmọkùnrin kan dáhùn pé ọba so, ṣùgbọ́n kò kú, nítorí pé akọni kì í kú. Ó ní agbára rẹ̀ ni ó pààrọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn akọni inú kọ́míìkì tí wọn a kú lóṣù yìí, tí wọn a sì jí lóṣù tí ń bọ̀. Olùkọ́ tí ó kọ́kọ́ máàkì ìwé náà fún un ní òdo, ó sì fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, “Èyí kì í ṣe Yorùbá.” Nígbà tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ mi fún àtúnyẹ̀wò, mo fún un ní mẹ́fà. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e láàárín àwa olùkọ́ kò tán títí a fi ti ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ṣàlàyé ìdí tí mo fi fún ọmọ náà ní mẹ́fà, àti ìdí tí n kò fi fún un ní mẹ́wàá. Kí a tó lè ṣe èyí, a ní láti mọ bí a ti ṣe dá Ṣàngó orí-ìtàgé ní Òṣogbo, kí a mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní àìkú, kí a sì fi í wé irú àìkú tí ó wà nínú ìwé ìtàn aláwòrán. Ẹ̀yìn èyí ni a ó tó lè sọ ohun tí ó yẹ kí a máa wò nígbà tí a bá ń máàkì.

BÍ A ṢE DÁ ṢÀNGÓ ÒṢOGBO

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ orúkọ Dúró Ládiípọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rán ara wa létí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1931 ni a bí i. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, orin ìjọ sì ni òun náà kọ́kọ́ fi ṣe eré. Nígbà tí ó mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin tí ó ṣe fún ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i. Ó kúrò níbi tí wọn kò ti fẹ́ ìlù, ó lọ síbi tí ìlù ti jẹ́ ọba. Ní 1962, òun àti Ulli Beier dá gbọ̀ngàn Mbari sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni ń sọ pé, “Bí mo bá rí i, n ó yọ̀.” Mo pe àkíyèsí wa sí èyí nítorí pé ó fi hàn wá bí ẹnu ará ìlú ṣe ń sọ ohun àjèjì di tiwọn. A ó padà bá ọ̀rọ̀ ẹnu yìí níwájú.

Eré mẹ́ta tí ó lórúkọ jù nínú ìtàn àwọn ọba Ọ̀yọ́ ni Ládiípọ̀ gbé jáde láàárín ọdún mẹ́ta: Ọba Mọ́rọ̀ ní 1962, Ọba Kò So ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964. Ọba Kò So ni ó gbé e dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964, tí ó sì tún gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún a sì ṣe Ọya. Nígbà tí ó fi máa kú ní 1978, ọ̀pọ̀ òǹwòran ni kò lè ya ojú òṣèré kúrò lára ojú òrìṣà mọ́. Bí wọ́n bá pe Ṣàngó, ojú Ládiípọ̀ ni wọ́n ń rí. Ọkùnrin kan láti Òṣogbo ni ó fún òrìṣà Ọ̀yọ́ ní ojú, ohùn, aṣọ àti ìrìn tí gbogbo wa mọ̀ lónìí.

ÌTÀN MÉJÌ TÍ Ó DI Ọ̀KAN

Àṣìṣe kan tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe ni pé a ń kọ́ Ọba Kò So bí ẹni pé ìtàn Ọ̀yọ́ gan-an ni Ládiípọ̀ kàn gbé sórí ìtàgé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ wò, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú ìwé náà, ohun tí ó bi Ṣàngó ṣubú ni oògùn mànàmáná tí ó dán wò. Àrá wó lu ààfin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó pa àwọn aya àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ mú un kúrò lórí oyè, àwọn tí ó tẹ̀ lé e fi í sílẹ̀ lọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pokùn so.

Níbo wá ni Tímì àti Gbọ̀ńkáà wà? Johnson kò fi wọ́n sí àkókò Ṣàngó rárá. Abẹ́ Aláàfin Kórì, tí ó jọba lẹ́yìn Ṣàngó, ni ó fi wọ́n sí. Ó ní àwọn Ìjẹ̀ṣà ń yọ àwọn oníṣòwò lẹ́nu ní ọjà Apòmù, wọ́n ń jí wọn gbé. Nítorí náà ni Aláàfin ṣe rán Tímì, ọlọ́fà iná, lọ sí Ẹdẹ láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Nígbà tí Tímì wá lágbára jù, a rán Gbọ̀ńkáà lọ mú un. (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ojú kò tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀ràn tí a fẹ̀sùn rẹ̀ kàn wá ni ó dá Ẹdẹ sílẹ̀, tí ó sì fún Ládiípọ̀ ní ìdajì eré rẹ̀.)

Ládiípọ̀ mú ìtàn méjì yìí, ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sórí Ṣàngó. Kí ni ó jèrè nínú èyí? Nínú ìtàn ti Johnson, àgbákò ni ó bá Ṣàngó: ó fọwọ́ kan ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Nínú eré Ládiípọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọba fi ẹ̀tàn rán balógun rẹ̀ jáde nílé, ó sì fọkàn sí i pé kò ní padà; nígbà tí èyí kò bọ́ sí i, ó gbé balógun kejì dìde sí ti àkọ́kọ́. Gbọ̀ńkáà pa Tímì, ó sì yíjú sí ọba. Ìbínú Ṣàngó wá bú jáde sórí àwọn ará ìlú tirẹ̀. Ọya fi í sílẹ̀. Akọni tí ó lọ so ní Kòso kì í ṣe ẹni tí ayé ṣe láburú nìkan. Òun náà ṣe ayé ní láburú. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni èyí. Àwa tí a ń kọ́ eré náà bí ìtàn gidi ni a ń fi ọgbọ́n yìí du akẹ́kọ̀ọ́.

ÀÌKÚ LÓJÚ YORÙBÁ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Bí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.” Òwe yìí ni kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀rọ̀ àìkú ní ilẹ̀ wa. Kò sí òrìṣà tí ó di àìkú nípa pé kò fi ayé sílẹ̀. Ògún wọlẹ̀ ní Ìrè. Ọya di odò. Ọ̀ṣun náà di odò, odò yẹn sì ń ṣàn ní Òṣogbo títí di òní. Ohun tí ó sọ wọ́n di ẹni àìkú ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kúrò láàárín wa, àti ohun tí ó ṣẹ́kù fún wa láti máa bọ, láti máa pè, láti máa kì. Àìkú lọ́dọ̀ wa kì í ṣe àìlọ. Lílọ tí kò parí ni.

Irú èyí kò pin sọ́dọ̀ òrìṣà. Ní Iléṣà, gbogbo ọmọ ìlú ni ó ń jẹ́ ọmọ Ọbòkun, nítorí ẹni tí ó lọ bu omi òkun wá fún ojú Odùduwà. Kò sí ẹni tí ń bèèrè bóyá Ọbòkun kú; a ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Ẹdẹ, Gbọ̀ńkáà pa Tímì àkọ́kọ́ nínú eré, ṣùgbọ́n Tímì kò tán láyé. Tímì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí oyè ní àkókò tí Ládiípọ̀ ń gbé eré rẹ̀ jáde, jẹ́ ọba tí a mọ̀ káàkiri nítorí ìmọ̀ rẹ̀ nínú ìlù. Oyè ni kò jẹ́ kí Tímì kú. A kì í sì í sọ pé ọba kú. A ní ó wàjà. Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà pé ikú ni òpin ọ̀rọ̀.

ÀÌKÚ NÍNÚ ÌWÉ ALÁWÒRÁN

Ìwé tí ọmọ yẹn ń kà ńkọ́? Kì í ṣe òní ni ìwé aláwòrán dé ilẹ̀ wa. Àwọn tí wọ́n dàgbà jù mí lọ rántí Lance Spearman, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ onífìlà tí àwọn iléeṣẹ́ Drum fi fọ́tò ṣe ìtàn rẹ̀. Wọ́n rántí Atọ́ka pẹ̀lú, ìwé ìròyìn tí ó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ Yorùbá gbé eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká jáde, ojú-ewé dé ojú-ewé. Ní 1975, wọ́n ya akọni kan tí ń jẹ́ Powerman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kó ìwé rẹ̀ wá tà ní Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland ni wọ́n yà á. Alágbára ni Powerman, ṣùgbọ́n bí ejò bá bù ú ṣán, agbára rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá mọ èèwọ̀ yóò rí i pé ẹnìkan ní òkèèrè ti gbọ́ fìrí ohun tí a ń pè ní èèwọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ dé ìdí. Èèwọ̀ kì í ṣe ibi tí ara ti rọ̀ nìkan. Àdéhùn ni láàárín ènìyàn àti ohun tí ó fún un ní agbára.

Akọni tí ó ṣáájú gbogbo wọn ni Superman, tí Jerry Siegel àti Joe Shuster dá, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1938. Ní 1992, àwọn tí wọ́n ní in pa á. Ìwé náà tà wàràwàrà. Ní 1993, ó padà wá. Thor, tí Marvel mú láti inú ìtàn òrìṣà àwọn ará àríwá Yúróòpù, jáde ní 1962. Òun ni ó sún mọ́ Ṣàngó wa jù nítorí àrá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní dókítà arọ kan ni ó rí ọ̀pá kan nínú ihò àpáta, tí ó sì di Thor. Ní 1968, wọ́n tún ìtàn náà sọ: wọ́n ní dókítà yẹn kò sí rí, Thor fúnra rẹ̀ ni baba rẹ̀ fi pa mọ́ sínú ara ènìyàn kí ó lè kọ́ ìrẹ̀lẹ̀.

Bí a bá wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé ọmọ tí a fún ní òdo kò ṣìnà pátápátá. Àwọn òǹkọ̀wé kọ́míìkì náà ń so ìtàn méjì pọ̀, wọ́n ń tún ìbẹ̀rẹ̀ akọni sọ, wọ́n sì ń sẹ́ ikú rẹ̀. Ohun tí Ládiípọ̀ ṣe sí ìtàn Kórì, òun ni wọ́n ṣe sí ti Thor. Ọmọ náà rí àfijọ gidi. Ìdí tí mo fi fún un ní mẹ́fà nìyẹn.

ẸNU TA NI Ó NÍ ỌBA KÒ SO?

Ṣùgbọ́n àfijọ kì í ṣe ọgbọọgba. Ohun tí ó mú kí Superman jí ni pé ìwé gbọ́dọ̀ jáde lóṣù tí ń bọ̀. Iléeṣẹ́ ni ó ní i, iléeṣẹ́ ni ó sì ń jí i. Ta ni ó jí Ṣàngó? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: ọba kò so. Ẹnu ènìyàn ni ó sì ti jáde.

Johnson tún ran wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Ó ní nígbà tí àwọn ará ìlú ń fi àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàngó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọba wọn pokùn so, àwọn ọ̀rẹ́ náà lọ kọ́ oògùn mànàmáná ní ilẹ̀ Bàrìbá. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní Ṣàngó ni ó ń bínú sí àwọn tí ó sọ pé ó so. Nígbà tí iná pọ̀, ìlú gbà: ọba kò so. Èyí já sí pé, nínú ìtàn yẹn, ìbẹ̀rù ni ó bí gbólóhùn tí a fi ń yin òrìṣà lónìí.

Ládiípọ̀ kò tẹnu mọ́ èyí. Nínú eré rẹ̀, àrá sán, ohùn ọba dún, àwọn ènìyàn sì wólẹ̀ pẹ̀lú orin àti ìlù. Ẹni tí ó bá wo eré náà yóò bá wọn wólẹ̀. Bàtá kò jẹ́ kí ènìyàn ronú. Níhìn-ín ni mo rò pé eré ńlá yìí ní àléébù kan tí a kì í sábà sọ nínú kíláàsì. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí Ṣàngó fi ìbínú pa, àwọn dà? Wọ́n kú, wọn kò sì dère. Kò sí ẹni tí ó ní àwọn kò kú. Ládiípọ̀ ni ó fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹrù Ṣàngó, èyí tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Johnson lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrá sán, òun kan náà ni ó jẹ́ kí ẹrù yẹn já bọ́ láìsí ẹni tí ó gbé e. Ó ṣeé ṣe kí a dá a láre pé bí òrìṣà ti rí nìyẹn, pé a kì í bá àrá ṣẹjọ́. Ìdáhùn rere ni. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò yẹ kí ó pòórá, nítorí pé òun ni ó ya lítíréṣọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìpolówó akọni.

ÌWÉ ÒDE ÒNÍ ÀTI ÈDÈ WA

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lórí eré ọdún 1963 nìkan. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Hugo Canuto ti fi Ṣàngó àti àwọn òrìṣà yòókù ṣe ìwé aláwòrán tí ó pè ní Contos dos Orixás, ní èdè Potogí, bí ẹni ń ya àwọn akọni Amẹ́ríkà. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, kọ Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan tí ó ní agbára àràmàǹdà. Iléeṣẹ́ Dark Horse tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2021, ó sì di eré àwòrán alárìnká lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a kí wọn fún ni. Àwọn ọmọ wa ń rí aṣọ òfì, ilà ojú àti orúkọ ara wọn níbi tí àwa kò ti rí i nígbà tí a wà ní ọmọdé.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Iyanu ń sọ, orúkọ rẹ̀ kò sì ní àmì ohùn lórí. Akọni tí oríkì dá, tí a yọ oríkì kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ni ó kù? Agbára ni ó kù. A ti rí i pé ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń sọ ẹni tí ó lọ di ẹni tí kò lọ. Bí ọmọ bá pàdé Ṣàngó nínú èdè tí kò ní Ṣàngó pípè, yóò pàdé ọkùnrin alágbára tí ó ní àáké olójú méjì, tí ó lè sán àrá, tí ó sì jọ Thor. Kò ní í pàdé ẹni tí ìlú kan sẹ́ ikú rẹ̀. A kò lè bá àwọn òṣèré òkèèrè jà lórí èyí. Ibi tí ó bù sí lọ́wọ́ wa ni kíláàsì àti ìwé ìdánwò.

MÁÀKÌ MẸ́FÀ, MÁÀKÌ MẸ́RIN

Mo padà sí ìwé ọmọ náà. Mo fún un ní máàkì méjì nítorí pé ó mọ ìṣẹ̀lẹ̀ inú eré náà dáadáa. Mo fún un ní mẹ́rin nítorí pé ó rí i pé “so” àti “kú” kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì wá àpẹẹrẹ tirẹ̀ láti fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn há ohun tí a kọ sójú pátákó sórí ni. Mẹ́rin tí mo yọ kúrò, méjì jẹ́ nítorí pé kò sọ ẹni tí ó sẹ́ ikú ọba àti ìdí tí wọ́n fi sẹ́ ẹ; méjì tí ó kù jẹ́ nítorí pé kò rántí àwọn òkú Ọ̀yọ́.

Bí a bá fẹ́ kí irú ìbéèrè yìí máa wúlò, ohun tí mo dá lábàá ni pé kí ìlànà máàkì wa má ṣe béèrè “ó so” tàbí “kò so” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn kan ṣoṣo. Kí ó béèrè ẹ̀rí láti inú eré. Kí ó béèrè pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí ni ó sì fẹ́. Kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí ó mú àpẹẹrẹ láti ìta wá, bí ó bá ti lè sọ ibi tí àpẹẹrẹ náà bá a mu àti ibi tí kò ti bá a mu. Àwa náà, kí a má ṣe kọ́ Ọba Kò So láì sọ fún àwọn ọmọ pé ìtàn méjì ni ó di ọ̀kan ní Òṣogbo.

Ẹlẹgbẹ́ mi tí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, “Èyí kì í ṣe Yorùbá,” olùkọ́ rere ni. Ẹ̀rù tí ń bà á ń ba èmi náà, pé ohun àjèjì yóò gbé òrìṣà wa mì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàngó tí wọ́n gbé iná kiri. Ìlú gbà fún wọn nítorí ìbẹ̀rù, àwọn ilé tí ó jó sì jó gbé. Ọmọ tí ó gba òdo nítorí pé ó ronú yóò kọ ohun tí a fẹ́ nínú ìdánwò tí ó tẹ̀ lé e, kò sì ní í ronú nínú èdè Yorùbá mọ́.